Owó tí wọn ò gbà kì í ṣe owó tí wọ́n kó jẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó ń bá olùdíje kan ṣiṣẹ́ fi ìwé ìpolongo ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wò ó. Ohun tí wọ́n kọ sí i gàdàgbà ni pé gómìnà ti kó owó UBEC jẹ, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Bí mo ṣe kà á báyìí, inú mi rú, torí èmi náà ti tẹ irú rẹ̀ rí. Mo ní kí n kọ ẹ̀kọ́ márùn-ún sílẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí.

Èkíní: bí olùdíje yín bá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lòun máa ṣe, ẹ bi í pé àpò ta ni owó rẹ̀ yóò ti jáde. Awólọ́wọ̀ ni gbogbo yín máa ń pè lórí pèpéle, ẹ kì í sì í rántí ọdún 1954. Owó orí tí wọ́n bù lé aráàlú nítorí ètò náà bí wọn nínú, Alákùkọ, ìyẹn ẹgbẹ́ NCNC, sì na Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ ọdún yẹn. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni iléèwé tó ṣí, tí ọmọ tó lé ní 800,000 wọlé. Wọ́n ti jìyà rẹ̀ ká tó máa yìn wọ́n.

Èkejì: iye tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, iye tó jáde lọ́tọ̀. Ẹ wá èyí tó jáde.

Ẹ̀kẹta ni owó UBEC fúnra rẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe ń lọ: òfin ọdún 2004 ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ nínú àpò ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ gba tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìdajì owó iṣẹ́ náà kalẹ̀ látinú àpò ara rẹ̀. Bí kò bá gbé e kalẹ̀, Àbújá ni owó náà máa jókòó sí.

Nígbà ìpolongo tiwa, mo ti wádìí ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò. Ọdún méjì ni ìpínlẹ̀ ò fi gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “Gómìnà kò gba owó àwọn ọmọ wa.” Mo tún lọ sí iléèwé kan tí atẹ́gùn ti ṣí òrùlé kíláàsì kẹrin rẹ̀ lọ. Orí búlọ́ọ̀kù làwọn ọmọ jókòó sí, wọ́n gbé ìwé lé itan. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé náà bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé fọ́tò yìí ò ní kó bá mi?” Mo ní, “Ká má rí i, Mà.” Mo rí i dájú pé mi ò ya pátákó orúkọ iléèwé. Mi ò rí dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ náà sí lára.

Ọ̀gá tó ń darí ìpolongo wa wo ìwé náà, ó ní “kò gbà” yẹn ò ta. Ó mú báírò, ó fagi lé e, ó kọ “kó jẹ” sórí rẹ̀. Mo ní, “Sà, báwo lèèyàn ṣe ń kó owó tí kò dé ọwọ́ ẹ̀ jẹ?” Ó ní ta ló máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé. 20,000 la tẹ̀.

Nígbà tó di àpérò orí rédíò, kọmíṣọ́nnà yọ lẹ́tà kan jáde láti Àbújá pé owó ìpínlẹ̀ náà pé pérépéré, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ rí nǹkan? Lẹ́tà tó yẹ kó dójú tì í ló ń kà bí ẹni ń ka ìwé oríyìn. Olùdíje wa yíjú sí gíláàsì sítúdíò, ó ń wá mi kiri. Ká ní “kò gbà” la kọ ni, lẹ́tà yẹn gan-an là bá fi mú wọn. Látọjọ́ náà, bá a bá ti lanu sọ̀rọ̀ iléèwé, “Ẹ̀yin òpùrọ́!” làwọn èèyàn máa ń fi dá wa lóhùn, títí tá a fi fìdí rẹmi.

Ọ̀gá mi dúró nípàdé, ó ní àìwádìí tèmi ló kó bá wa. Inú ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti di ẹni ńlá báyìí, òun ni wọ́n ń pè kó wá dá àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìpolongo! Ṣùgbọ́n mo mọ òótọ́, ẹsẹ̀ mi náà ni mo sì fi rìn lọ sílé ìtẹ̀wé.

Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo pè é. Ẹ bá mi fi méjì tó kù sílẹ̀ ná.

Ìyá ọ̀gá iléèwé gba kúẹ́rì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì fún wọn ní tíràńsífà lọ sí abúlé kan tí ọkọ̀ kì í lọ bí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà. Lẹ́yìn ìbò, mo wá wọn lọ. Ọ̀kadà ló gbé mi débẹ̀. Wọ́n ń máàkì ìwé àwọn ọmọ lábẹ́ igi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, kí n má fi iyẹ̀pẹ̀ ba aṣọ mi jẹ́. Wọ́n máàkì ìwé bíi mẹ́ta sí i, wọ́n wá gbójú sókè.

“Owó yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti wá lọ gbà á?”

Mi ò tíì wò ó látọjọ́ ìbò.