Ibo lẹ ń fà á sí? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí semiconductor tó ń sọ ooru di iná

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé bí a ṣe fa semiconductor (ohun tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, àmọ́ tí kò tó ti irin) tó kò ṣe pàtàkì tó ibi tí a fà á sí.

Ẹ wo silicon. Ní 1954, Charles Smith ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, fa semiconductor méjì, silicon àti germanium, ó sì wọn bí iná ṣe ń gba inú wọn kọjá. Tí a bá fi nọ́ńbà rẹ̀ ṣe ìṣirò, tí a fi 100 MPa (òṣùwọ̀n agbára fífà) fa silicon n-type, èyí tí ẹ́lẹ́kítírọ́nù ń gbé iná nínú rẹ̀, lójú ọ̀nà [100], ìyẹn ẹ̀gbẹ́ kírísítálì rẹ̀, ìdènà iná á lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ yí i sí [110], ìyẹn ọ̀nà tó dábùú láàárín ẹ̀gbẹ́ méjì, ìdá 3 péré ni. Ti p-type, níbi tó jẹ́ pé àlàfo tí ẹ́lẹ́kítírọ́nù fi sílẹ̀ ló ń gbé iná, tún yàtọ̀: ní [100], kò tó ìdá 1, ní [110], ìdènà náà gòkè ní ìdá 7. Agbára kan náà o! Bẹ́ẹ̀, gígùn tí kírísítálì náà fi gùn sí i ò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú n-type nìyí. Àfonífojì mẹ́fà, ìyẹn ibi tí agbára wọn ti kéré jù, ni ẹ́lẹ́kítírọ́nù ń gbé nínú silicon, gbogbo wọn sì wà ní ìpele kan náà. Bí a bá fà á ní [100], méjì tó wà lójú ọ̀nà yẹn á gòkè, mẹ́rin tó kù á lọ sílẹ̀, ẹ́lẹ́kítírọ́nù á sì máa ṣí lọ sínú mẹ́rin náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ fúyẹ́ lójú ọ̀nà tí a ń fà, ni iná bá ń kọjá wẹ́rẹ́.

Ẹ má tíì yọ̀. Ẹ́lẹ́kítírọ́nù ò dín, ibùgbé wọn ló dín, wọ́n á kún un sókè, fóltì tí a ń rí fún dígírì kọ̀ọ̀kan, tí à ń pè ní Seebeck, á sì wálẹ̀. Nínú ìṣirò agbára iná tí a lè rí, ẹ̀ẹ̀mejì ni Seebeck ń wọ ìlọ́po náà, nígbà tí bí iná ṣe ń kọjá ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba èsì ẹni tó wọn ọ̀kan lára ègé kan, tó lọ wọn èkejì lára ègé mìíràn.

Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Caltech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, po selenium mọ́ PbTe (semiconductor tí a fi lead àti tellurium ṣe), wọ́n mú àfonífojì 4 àti 12 súnmọ́ ìpele kan náà kí ibùgbé lè pọ̀ sí i, ZT wọn, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ohun kan ṣe mọ ooru sọ di iná tó, sì dé 1.8 ní nǹkan bí 850 K (kelvin). Wọn ò fa nǹkan kan, àmọ́ ohun tó yẹ kí ẹ máa wá nídìí fífà gan-an nìyẹn.

Fífà kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ ṣe. Bi₂Te₃, semiconductor tí a fi bismuth àti tellurium ṣe, ń fẹ̀ ju silicon lọ ní ìlọ́po márùn-ún tí ooru bá mú un. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ lé silicon nínú ooru, tó wá fi 200 dígírì tutù, ó ti lè wà ní fífà tó ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ.

Tí ẹ bá tẹ ike tí ègé semiconductor wà lójú rẹ̀, tó nípọn tó 0.1 mm, yí ọ̀pá tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 10 mm ká, ojú rẹ̀ á gùn sí i ní ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi títẹ̀ yẹn, thermocouple (wáyà tó ń wọn ooru) lè ṣí díẹ̀, ẹ ó sì rò pé Seebeck ló yí padà. Èmi máa ń fi wáyà fóltì àti thermocouple sójú kan náà, màá tú ègé náà sílẹ̀, màá tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ ò bá padà wá, ó ti sán nínú tàbí kó jẹ́ pé wáyà ti yẹ̀, mi ò sì ní fi èsì yẹn sínú iṣẹ́ mi.