Kò dìgbà tó bá ń dunni: ohun tí mo kọ́ lórí àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ

Mo ti tẹ̀lé àwọn ọ̀rẹ́ mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ, mo sì ti ṣe tèmi náà. Àwọn tí kì í fẹ́ lọ, aláìmọ̀kan kọ́ ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, àìsàn tí àyẹ̀wò yìí wà fún, wà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Kò sóhun tó ń ṣe mí, kí ni mo fẹ́ lọ wá nílé ìwòsàn?" Tí ẹ bá wá fara balẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ kejì á jáde: ojú ń tì wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti "kò sóhun tó ń ṣe mí". Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní HPV ló wà nídìí jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, àfi díẹ̀ kín-ín. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, ó sì wọ́pọ̀ gan-an. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 2, onítọ̀hún ò sì ní mọ̀ pé ó dé rárá. Lára àwọn mìíràn, kì í lọ. Á máa ba ọrùn ilé ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Tí obìnrin bá ní HIV tí kò sì lo oògùn, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò ní dùn ún, nǹkan oṣù rẹ̀ á sì máa wá bó ṣe ń wá. Ìgbà tí kò tíì dunni yìí gan-an ló rọrùn jù láti tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú ló jinlẹ̀ jù. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi lójú ọ̀nà pé tí wọ́n bá rí nǹkan lára òun, ọkọ òun á ní òun ń yan àlè. Ó dùn mí wọra, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí kò mọ ju ọkùnrin kan ṣoṣo lọ láyé rẹ̀ lè kó HPV. Ó sì lè sá pamọ́ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àyẹ̀wò tó gbé e jáde, torí náà àyẹ̀wò ò lè sọ ẹni tó kó o ran ẹnì kan tàbí ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹ̀rí àgbèrè nínú èsì yẹn.

Ìtìjú orí bẹ́ẹ̀dì náà tún wà. Mo ti rí nọ́ọ̀sì tó jágbe mọ́ obìnrin tó ń gbọ̀n, obìnrin náà ò sì padà wá gba èsì rẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé, kí n tó bọ́ aṣọ, màá sọ pé nọ́ọ̀sì obìnrin ni mo fẹ́, màá ní kí wọ́n máa sọ fún mi kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí, kí wọ́n sì dúró tí mo bá ní kí wọ́n dúró. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ má bẹ̀rù. Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kì í pẹ́: wọ́n á fi nǹkan ṣí ojú ara díẹ̀, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gba omi ibẹ̀, tàbí kí wọ́n fi fínígà tí wọ́n bomi là nu ún, kí wọ́n wò ó bóyá ibì kan á funfun. Fún àyẹ̀wò HPV, ẹ lè béèrè bóyá ẹ lè fọwọ́ ara yín gba omi náà. Fún ẹni tí ojú ń tì, èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 30, kí a máa ṣe ti HPV ní ọdún 5 sí 10 síra wọn. Àwọn tó ní HIV á bẹ̀rẹ̀ ní 25, tiwọn á sì máa yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á ṣì máa ṣàyẹ̀wò tó bá dàgbà.

Tí wọ́n bá ní HPV wà, jẹjẹrẹ kọ́ nìyẹn. Ẹ béèrè ohun tó kàn àti ọjọ́ tí ẹ máa padà wá. Tí ara ibẹ̀ bá ti ń yí padà, wọ́n lè fi òtútù tàbí ooru pa á, kí ẹ sì padà sílé lọ́jọ́ náà láìyọ ilé ọmọ.

Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró pátápátá, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò kankan. Dókítà ni kí ẹ lọ rí lọ́sẹ̀ yẹn.