Ohun tí ojú wa rí ní London lọ́jọ́ Kérésì

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ti ń tu owó jọ nítorí London nínú oṣù Kejìlá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹ tó wá ibi tí ẹ máa sùn, kí ẹ tó ra kóòtù, kí ẹ tó máa yan ibi tí ẹ ti máa ya fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ jókòó pinnu ibi tí ẹ máa wà ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, láti àárọ̀ títí di alẹ́, àti ẹni tó máa gbé yín débẹ̀. Bí ẹ bá ti yanjú ọjọ́ yẹn, ìyókù ò le. Bí ẹ ò bá yanjú ẹ̀, ojú yín á rí ohun tí ojú wa rí.

Lọ́jọ́ Kérésì, ọkọ̀ èrò kì í rìn ní London. Mi ò ní kì í pọ̀ o. Mo ní kì í rìn. Bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, ẹ ò ní rí ẹyọ kan. Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, wọ́n á fa géètì irin dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Rélùwéè tó ń gbé èèyàn láti pápákọ̀ òfuurufú Heathrow wọ ìgboro, òun náà ń sinmi. Èkó tí à ń bú tọ̀sán tòru yìí, ẹ jáde lọ́jọ́ Kérésì kí ẹ wò ó bóyá ẹ ò ní rí dáńfó. Ó lè sọ owó di ìlọ́po méjì, àmọ́ ó máa gbé yín.

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ pé a ò wádìí. A wádìí. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó máa ń lọ síbẹ̀ dáadáa la bi, òun ló sì fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì kì í rìn ní London, pé òru gan-an ó ń rìn. Òótọ́ ni, ó ń rìn lóru. Ṣùgbọ́n inú oṣù Keje ni ọ̀gbẹ́ni yẹn máa ń lọ ní tiẹ̀, nígbà tí oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ á fi kọjá. Ẹni tó mọ London nígbà ooru, ẹ má jẹ́ kó bá yín ṣètò ìrìn àjò ìgbà òtútù.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa la fẹ́ fi ìrìn àjò náà ṣe. A kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ màmá mi n'Ìbàdàn, a háyà yàrá kan ní Kilburn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbé ní Woolwich lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá mọ London mọ̀ pé ibi méjèèjì jìnnà síra: Kilburn wà lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn ìlú, Woolwich wà ní gúúsù ìlà oòrùn, odò Thames sì wà láàárín wọn. Ọ̀dọ̀ Bùọ̀dá la ti fẹ́ jẹ Kérésì. Wọ́n ní ká má ṣèyọnu, pé àwọn á fi mọ́tò wá gbé wa láago méjìlá ọ̀sán.

Bùọ̀dá àti ìyàwó wọn, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́n, àsìkò ọdún gan-an ni wọ́n máa ń wá ẹni tó máa ṣiṣẹ́ òru kiri. Bùọ̀dá ṣiṣẹ́ mọ́jú ọjọ́ Kérésì. Wọ́n délé láàárọ̀, wọ́n ní káwọn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó wọn ti lọ síbi iṣẹ́ tiwọn, fóònù wọn wà nínú àpótí tí wọ́n máa ń tì í mọ́. Mi ò bínú sí wọn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú tó sì sùn lọ, ta ló máa bá a wí?

Àwa ti múra láti aago mọ́kànlá. Àǹkó la wọ̀, léèsì kan náà, a wá gbé kóòtù lé e. Bàtà tó bá gèlè mi mu ni mo wọ̀, nítorí inú mọ́tò la máa wà títí a ó fi délé wọn. Ẹrù Bùọ̀dá wà nínú báàgì Gánà-mọ́sì-gò: èlùbọ́, gàrí Ìjẹ̀bú, ẹja gbígbẹ, àti irú tí mo fi ọ̀rá lé ọ̀rá wé kó má bàa kó ìtìjú bá wa ní pápákọ̀ òfuurufú.

Aago méjìlá kọjá. Aago kan kọjá. À ń pe Bùọ̀dá, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Kò sí oúnjẹ kankan nínú yàrá, torí ìrẹsì ọ̀dọ̀ Bùọ̀dá la ti gbójú lé láti àná. Nígbà tó di aago méjì kọjá, ọkọ mi ní ká wọ bọ́ọ̀sì lọ, ṣebí wọ́n ní ó ń rìn.

Kilburn High Road, tó jẹ́ pé lánàá ńṣe làwọn èèyàn ń gbún ara wọn nígbọ̀nwọ́ níbẹ̀, ó dá páropáro. A dúró ní ibùdókọ̀, a dúró títí. Màmá òyìnbó arúgbó kan tó ń fa ajá ẹ̀ kiri yà sọ́dọ̀ wa, ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní bọ́ọ̀sì wo là ń dúró dè. A sọ fún un. Ó ní ó di ọ̀la. Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un sọ, ó ní bọ́ọ̀sì kì í rìn lónìí, ó kí wa kú ọdún, ó fa ajá ẹ̀ lọ.

Ọkọ mi yọ fóònù, ó wá tákísì lórí áàpù. Iye tí wọ́n pè, ẹ má bi mí. A ní kò burú, ọdún ni. Ó tẹ̀ ẹ́, káàdì náírà ẹ̀ kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Pọ́ùn wà nínú báàgì mi o, owó gidi, àmọ́ áàpù yẹn ò mọ owó ọwọ́. Àwọn tákísì dúdú wọn tó kọjá, èrò ti wà nínú wọn.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, ilẹ̀ ṣú. Ilẹ̀ ṣú pátápátá. Òtútù ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀yẹ́ o. Ọ̀yẹ́ á gbẹ èèyàn létè, á là á ní gìgísẹ̀, bí oòrùn bá ti là, á rọjú. Eléyìí ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ gòkè bọ̀, ó tutù, ó tún lọ́rinrin, ó ń wá eegun lọ. Nígbà tó yá mi ò mọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́. Mo jókòó lé báàgì èlùbọ́ ní ibùdókọ̀, tèmi ti gèlè lórí, mo bú sẹ́kún.

Ibẹ̀ nìjà ti dé. Mo ní, "Bàbá Tóbi, ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín lẹ fẹ́ pa mí sílẹ̀ òyìnbó yìí." Ó ní ṣé òun lòun ní kí wọ́n má wa bọ́ọ̀sì ni. Mo ní ṣebí mo ní ká lọ sí Ìkọ́gòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun fúnra ẹ̀ látinú ilẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi London ṣe ọdún kẹwàá. Ohun tó fi dá mi lóhùn lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó kọjú sí títì, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbá òkúta tí kò sí níbẹ̀. Ebi ń pa wá. Èlùbọ́ wà nídìí mi, kẹ́tùlù omi tíì nìkan ló sì wà nínú yàrá tí a háyà.

Kò sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ṣí. Òfin ló tì wọ́n: láti ọdún 2004 ni òfin ti wà ní England pé ṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ̀ ju 280 mítà onígun mẹ́rin lọ kò gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà lọ́jọ́ Kérésì. Àwọn kéékèèké nìkan ló lè ṣí bó bá wù wọ́n. A rí ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ títì, a ra búrẹ́dì àti sàdíìnì. Oúnjẹ ọ̀sán Kérésì wa nìyẹn, nínú léèsì.

Bùọ̀dá jí nírọ̀lẹ́, wọ́n bá ìpè wa lórí fóònù, wọ́n sáré wá. Wọ́n bẹ̀ wá títí. A jẹun, a rẹ́rìn-ín, ó parí.

Nítorí náà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ilé ẹni tí ẹ máa bá ṣọdún ni kí ẹ sùn láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀, bó bá tiẹ̀ jẹ́ orí àga ni wọ́n tẹ́ yín sí. Ẹ sì tètè gbéra, nítorí lọ́jọ́ kẹrìnlélógún yẹn, rélùwéè á ti máa palẹ̀mọ́ nírọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá ní ẹbí níbẹ̀, àárín ìlú ni kó wá hòtẹ́ẹ̀lì sí, kó lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi tó bá wù ú. Ẹ lè rìn lọ wo igi Kérésì ní Trafalgar Square, èyí tí àwọn ará Norway fi ń dúpẹ́ oore tí Britain ṣe wọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Láti ọdún 1947 ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Ẹ ra oúnjẹ sílẹ̀. Bí ẹ bá ní tákísì lẹ máa wọ̀, ẹ ti bá wọn ṣàdéhùn ṣáájú. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tó bá máa balẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì, bó bá pọ́ọ́kú, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó máa gbé yín kúrò ní pápákọ̀. Ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì á padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ rélùwéè tó ń lọ sí ìlú mìíràn ò ní tíì rìn, kí ẹni tó fẹ́ lọ kí èèyàn ní Manchester fi í sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Káàdì náírà lè ṣiṣẹ́ lánàá kó kọ̀ lónìí. Ẹ ní káàdì dọ́là tàbí ti pọ́ùn tí owó wà nínú ẹ̀, kì í ṣe owó ọwọ́, nítorí láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì London ti jáwọ́ nínú gbígba owó ọwọ́. Kí oníkálukú sì ní tiẹ̀. Tọkọtaya kò lè fi káàdì kan ṣoṣo wọ rélùwéè pa pọ̀, bó ti wù kí ìfẹ́ pọ̀ tó. Bí ọwọ́ mi bá ní káàdì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésì, mi ò ní jókòó lé èlùbọ́.

Ti aṣọ: ẹ má ná owó ribiribi sí kóòtù. Ẹ lọ sí Kàtángúà, kóòtù òkìríkà tí ará Èkó ò ní fi ṣe nǹkan kan, ẹ ó rà á ní owó táṣẹ́rẹ́. Bàtà ni kí ẹ náwó sí. Bàtà tó nípọn nísàlẹ̀, tí omi ò lè wọ̀, kí ìbọ̀sẹ̀ onírun wà nínú ẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá sì wọ léèsì, ẹ wọ bàtà yẹn náà sí i, kí gbogbo ayé wò yín.

Ẹ jẹ́ kí ojúmọ́ bá yín lójú ọ̀nà. Nígbà Kérésì, oòrùn ò ní yọ títí aago mẹ́jọ á fi lù, kò sì ní pé aago mẹ́rin tó ti wọ̀. Ẹni tó bá sùn di aago mọ́kànlá, ọjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ ẹ̀.

British Museum náà máa ń tì láti ọjọ́ kẹrìnlélógún sí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ìgbà tí wọ́n ṣí la lọ, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ní ìsàlẹ̀, ní yàrá karùndínlọ́gbọ̀n, níbi tí wọ́n kó nǹkan Áfíríkà sí, orí idẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Ọdún kejì ló ti di tiwọn. Ojú ẹ̀ rọra tò fínnífínní, ilà gbọọrọ gbọọrọ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ètè ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi ọmọ Ifẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa fojú kàn án rèé, London ni mo sì ti rí i. Ọkọ mi tó ń bá mi jà láti ọjọ́ Kérésì wá dì mí lọ́wọ́ mú níbẹ̀, a ò bá ara wa ja ìjà kankan mọ́ títí a fi délé.

Físà ò yẹ kó gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Oníkálukú ló ń kọ fọ́ọ̀mù tiẹ̀, ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, torí náà ẹni tó bá fẹ́ lọ fún Kérésì, inú oṣù Kẹsàn-án ni kó ti gbéra.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni alẹ́ ọdún tuntun. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ń rìn mọ́jú, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n fi gbé gbogbo èèyàn lẹ́yìn tí aago méjìlá ti lù. Èmi àti ọkọ mi wọ̀ ọ́ padà láti àìsùn ní Woolwich. A ń lọ, mo ń wo àwọn èrò tó ń jó nínú ọkọ̀, mo ní níbo lẹ wà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọkọ mi ní kí n fi kún un pé òun ló rí ṣọ́ọ̀bù tó ní búrẹ́dì. Òótọ́ ni, òun ló rí i.