Òòyà Tó Wà Nínú Àpò Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 16 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ mi kì í ṣe bàtà, kì í sì í ṣe fóònù. Ó gbé ìwé kan síwájú mi lórí tábìlì ìdáná, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka eléyìí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní ọkọ̀.” Ìwé náà ni The Hate U Give, ìtàn àròsọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí Angie Thomas, ọmọbìnrin ìlú Jackson ní ìpínlẹ̀ Mississippi, gbé jáde ní ọdún 2017. Ẹ̀yìn ìwé náà ti gbó. Ó ti ká etí ojú-ewé kan wọlé, ó sì ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sí abẹ́ àwọn gbólóhùn kan níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni Starr, ọmọbìnrin ọdún 16 tí ó ń sọ ìtàn náà, ti rántí ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ nígbà tí ó wà ní ọdún 12: bí ọlọ́pàá bá dá ọ dúró, ṣe ohun tí ó bá ní kí o ṣe, jẹ́ kí ó máa rí ọwọ́ rẹ méjèèjì, má ṣe jùwọ́ jùsẹ̀ lójijì, má sì lanu àfi tí ó bá bá ọ sọ̀rọ̀. Àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ti ń sọ èyí fún ọmọ wọn láti ìran dé ìran. “Ọ̀rọ̀ náà” lásán ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láyé tí òbí lè bá ọmọ sọ.

Èmi kò sọ ọ́ fún tèmi rí. Ó ti di ọdún 19 tí mo ti ń gbé ní ẹ̀bá Houston, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Bí ìròyìn irú rẹ̀ bá jáde lórí tẹlifíṣàn, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ti ilé wá a mi orí, a ní ọmọ àwọn akátá ni, ọ̀rọ̀ kan tí ojú ń tì mí láti kọ sílẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n tí mo ti sọ láìmọye ìgbà. A gbà pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé ọmọ tí ó mọ àgbà kí, tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó sì ń ṣe dáadáa nílé-ìwé, ti ní ààbò tí àwọn ọmọ yòókù kò ní.

Nínú ìwé náà, Starr àti Khalil, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ń bọ̀ láti òde àríyá nígbà tí ọlọ́pàá kan dá ọkọ̀ wọn dúró. Ó ní kí Khalil bọ́ sílẹ̀, ó yẹ ara Khalil wò, kò bá ohun ìjà kankan. Bí ó ti padà sídìí ọkọ̀ tirẹ̀, Khalil ṣí ilẹ̀kùn láti bi Starr bóyá ara rẹ̀ dá, ìbọn sì dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yìn náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé búrọ́ọ̀ṣì irun tó wà lára ilẹ̀kùn ni ọlọ́pàá náà ní òun rò pé ìbọn ni.

Mo sunkún níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́yìn ojú-ewé díẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí ó hàn pé Khalil ti ń ta oògùn olóró, ara tù mí. Mo mí kanlẹ̀ níbi tí mo jókòó sí, nítorí pé lójú ẹsẹ̀ ni ó ti di ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ tèmi kì í ta oògùn. Tẹlifíṣàn inú ìtàn náà ṣe bíi tèmi gẹ́lẹ́: iṣẹ́ tí Khalil ń ṣe ni wọ́n ń sọ ṣáá, bí ẹni pé òun ló yìnbọn pa ara rẹ̀. Iwájú ni Thomas ti wá ká mi mọ́. Oògùn ti sọ ìyá Khalil di ẹrú, ó jalè lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn jàǹdùkú àdúgbò, gbèsè ìyá yìí ni ọmọ náà sì ń fi ọjà títà san. Àwọn baba wa ní orúkọ fún ọmọ tí ń fi ara rẹ̀ san gbèsè òbí: ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é, wọn kì í pè é ní ọ̀daràn. Mo pa ìwé náà dé, n kò lè kà á mọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Thomas kò ṣàdédé rọ ìtàn náà. Yunifásítì ni ó wà nígbà tí ọlọ́pàá kan ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Oakland yìnbọn pa Oscar Grant, ọmọ ọdún 22, ní ọjọ́ kìíní ọdún 2009, nígbà tí ó dojú bolẹ̀. Ìtàn kúkúrú tí ó fi tu ara rẹ̀ nínú nígbà náà ni ó padà di ìwé. Oṣù kejì ọdún 2017 ni ìwé jáde. Ní òpin oṣù kẹrin ọdún kan náà, ní Balch Springs lẹ́bàá Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas wa níbí, Jordan Edwards, ọmọ ọdún 15, ń bọ̀ láti òde àríyá nínú ọkọ̀ nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa á. Àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ sọ pé ọkọ̀ náà ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wá bá àwọn ni. Fídíò kámẹ́rà ara aṣọ wọn fi hàn pé ṣe ni ó ń lọ. Ní ọdún 2018, kọ́ọ̀tù dá ọlọ́pàá tó yìnbọn lẹ́bi ìpànìyàn, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n ọdún 15, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé Thomas, ìgbìmọ̀ ará ìlú tí wọ́n ní kí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò tilẹ̀ gbé ọlọ́pàá náà lọ sí kọ́ọ̀tù.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọ mi kó àwọn yòókù wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, bí dókítà tí ń fún aláìsàn lóògùn. Dear Martin ti Nic Stone yára kà. Ọmọ tí ó jẹ́ òléwájú ní ilé-ìwé olówó ńlá ní Atlanta ni wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè nítorí pé ó ń ran ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ àtijọ́ tí ọtí ń pa lọ́wọ́. Ghost Boys, tí Jewell Parker Rhodes kọ fún àwọn ọmọ tí kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, jẹ́ ìtàn ẹ̀mí ọmọ ọdún 12 kan tí wọ́n pa nítorí ìbọn ìṣeré, bí wọ́n ti pa Tamir Rice tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 12 ní Cleveland ní ọdún 2014, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dé ibẹ̀.

All American Boys, tí Jason Reynolds àti Brendan Kiely jọ kọ ní ọdún 2015, ni ó mú mi jù. Rashad bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú fóònù nínú àpò rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan kọsẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ní ó ń jalè, ọlọ́pàá sì lù ú débi pé orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó bá ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dé ibẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń wá ni ẹ̀bi ọmọ: kí ni o ṣe, báwo ni o ṣe wọ ṣòkòtò rẹ? Bàbá yìí ti ṣe ọlọ́pàá rí, òun náà sì ti yìnbọn fún ọmọ adúláwọ̀ kan tí kò mú ohun ìjà kankan dání. Mo mọ bàbá yìí dáadáa. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó wà nínú mi pẹ̀lú.

Kí á má tilẹ̀ sọ pé ọlọ́pàá yóò gbọ́ bí ohùn wa ṣe dún kí ó tó dá wa mọ̀. Amadou Diallo kì í ṣe ọmọ bíbí Amẹ́ríkà. Ọmọ Guinea ni, ẹni ọdún 23. Ní oṣù kejì ọdún 1999, ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Bronx ní ìlú New York, ó mú pọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde, àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin sì yin ọta ìbọn 41 sí i. Kọ́ọ̀tù dá gbogbo wọn sílẹ̀ ní ọdún 2000.

Ìwé kan wà nínú wọn tí ó yẹ kí àwa Yorùbá mọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ní ọdún 2018, Tomi Adeyemi, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, gbé Children of Blood and Bone jáde. Ní Salvador, ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, ni àwòrán àwọn òrìṣà ti kọ́kọ́ gba ọkàn rẹ̀, Yorùbá tí ó ní àmì ohùn sì ni ọfọ̀ tí àwọn ènìyàn inú ìtàn rẹ̀ ń pè. Inú wa dùn púpọ̀ nígbà náà. A fi àwòrán ẹ̀yìn ìwé náà ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp, a tilẹ̀ jà lórí àmì àjèjì kan tí ó fi sórí lẹ́tà nínú orúkọ òrìṣà. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó mẹ́nu ba ohun tí ó kọ sí ìparí ìwé, níbi tí ó ti sọ pé ìròyìn àwọn adúláwọ̀ tí ọlọ́pàá ń yìnbọn pa láìmú ohun ìjà dání ni ó mú òun kọ ọ́. Orúkọ Tamir Rice wà níbẹ̀. Orúkọ Jordan Edwards wà níbẹ̀. A gba òrìṣà, a fi ẹkún sílẹ̀.

Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn kan ń lé irú ìwé wọ̀nyí kúrò nílé-ìwé. Ní ọdún 2017, ní Katy tí kò jìnnà sí wa, ọ̀gá àgbà àwọn ilé-ìwé ní kí wọ́n kó The Hate U Give kúrò lórí pẹpẹ nítorí èébú inú rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ní South Carolina ta ko òun àti All American Boys pé wọ́n ń kọ́ ọmọ láti má fọkàn tán ọlọ́pàá. Èébú wà nínú ìwé Thomas lóòótọ́, ó sì pọ̀. Ọmọ mi ní èyí tí òun ń gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti àìfọkàntán, ọlọ́pàá ni ẹ̀gbọ́n ìyá Starr, òun ló sì ṣe bíi bàbá fún un ní ọdún mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ fi wà lẹ́wọ̀n.

Ìyá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ó bá wa níbi tí èmi àti ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ó sì ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ó gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀.

“Ọkọ mi, kí ló wá le níbẹ̀? Bí wọ́n bá ti dá ọ dúró, sáà bọ́ sílẹ̀ kí o dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ta ni yóò yìnbọn fún ẹni tó dọ̀bálẹ̀?”

Ọlọ́pàá tí a ń bẹ̀, tí a sì ń ki owó bọ̀ lọ́wọ́, ni ìyá mi mọ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Màmá àgbà, tí mo bá bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní mo fẹ́ gbéjà kò wọ́n. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á ní mo fẹ́ mú ìbọn.”

Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra á.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, a wa ọkọ̀ lọ sí gbàgede kan tí kò sí ènìyàn. Kí ó tó fi kọ́kọ́rọ́ síi, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lẹ́nu ara mi, ní Yorùbá, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn mi sì ń gbọ̀n. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ìdarí ọkọ̀ bí mo ti ń sọ ọ́, ó ní, “Ẹ ṣé, Mọ́mì.” Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo na ọwọ́ sínú àpò ilẹ̀kùn láti mú òòyà mi tí kì í kúrò níbẹ̀, n kò bá a. A délé, mo wọ ìdáná; orí tábìlì ni ó wà, ọmọ mi ti fi í ti ẹ̀gbẹ́ ìwé náà.