Ohun tí mo pè ní ewé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ewéko, rúlà ló kọ́kọ́ kó ìtìjú bá mi ní Adelaide, ìlú kan ní Ọsirélíà.

Igi kan ni ọ̀gá mi ní kí n lọ ṣàpèjúwe rẹ̀, Acacia pycnantha, tí àwọn ará Ọsirélíà ń pè ní golden wattle. Òun ni òdòdó àmì orílẹ̀-èdè wọn láti ọdún 1988, ó sì pọ̀ bíi rẹ́rẹ lórí àwọn òkè Mount Lofty. Igi ńlá kọ́: òmíràn ò ga ju mítà 3 lọ, èyí tó bá ga gan-an lè tó 8. Mo wọn "ewé" rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 9 sí 15, ó tẹ̀ bíi dòjé, ó ń dán, ó sì le bí awọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tìgboyà-tìgboyà. Nígbà tí ìwé mi padà dé, gègé pupa ti la ọ̀rọ̀ náà "ewé" já níbi gbogbo.

Ọ̀gá ò bá mi jiyàn. Ó mú mi lọ sídìí àwọn ọmọ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ní nọ́sìrì. Ewé àkọ́yọ wọn rí wẹẹrẹwẹ, gẹ́lẹ́ bíi ti patanmọ́ tí gbogbo wa máa ń fọwọ́ kàn lọ́nà ilé ìwé. Lára èyí tó yọ tẹ̀ lé e, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ewé mọ́ ẹ̀ka ti ń fẹ̀, àwọn ewé wẹẹrẹ ṣì wà lórí rẹ̀. Lókè téńté, ewé wẹẹrẹ ti tán. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan ló kù, ó ti di pẹrẹsẹ, òun ló ń ṣiṣẹ́ ewé. Phyllode lorúkọ rẹ̀. Èmi sì ti ń wọn ọrùn ewé láti ọ̀sẹ̀ méjì!

Òdòdó náà ń tan èèyàn jẹ. Bọ́ọ̀lù yẹ́lò kéékèèké tí ẹ ń rí yẹn, òdòdó wẹẹrẹ 40 sí 100 ló kó ara wọn jọ sínú ẹyọ kan. Kò sí omi dídùn nínú wọn rárá. Ara phyllode, nítòsí ìdí rẹ̀, ni ojú kékeré kan wà tí omi dídùn ti ń sun. Bí ẹyẹ bá wá mu ún, orí rẹ̀ á máa ra òdòdó, á sì gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ sórí igi mìíràn. Ẹni tó bá ń wo òdòdó nìkan ò ní rí èyí láé.

Abẹ́ igi eucalyptus ló fẹ́ràn, nínú igbó tí oòrùn ń wọ̀, láti ìpínlẹ̀ South Australia lọ dé Victoria àti New South Wales. Ní South Africa tí wọ́n kó o lọ, ó ti di èpò.

Mo gbin irúgbìn 40. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tó hù. Ìyá àgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́sìrì rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá mo ti da omi gbígbóná lé e. Èèpo irúgbìn náà le koko, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí iná yóò fi jó igbó, kó tó là. Mo da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé òmíràn, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Àwọn tó wú ni mo gbìn, ọ̀pọ̀ wọn sì hù.

Ẹ ṣọ́ orúkọ náà o. Lọ́dún 2005, ìpàdé àwọn onímọ̀ ewéko àgbáyé ní Vienna yọ̀ǹda orúkọ Acacia fún ti Ọsirélíà. Ti Melbourne lọ́dún 2011 kò sì yí i padà. Bagaruwa àwọn Hausa, Acacia nilotica inú ìwé àtijọ́, ti di Vachellia nilotica. Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni orúkọ yẹn ti kọ́kọ́ wà.

Nígbà tí mo wálé, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì n'Ìbàdàn, lábẹ́ Acacia auriculiformis, ìbátan rẹ̀ kan tí wọ́n ń gbìn fún ibòji. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń wá ọmọ igi nínú pàǹtí ewé. Mo rí ọ̀kan tí kò ga ju ìka mi lọ. Ewé patanmọ́ ló wà lórí rẹ̀.