Ébẹ́lì kì í sọ̀rọ̀

"Ébẹ́lì kì í sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe." Ọmọ kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló sọ ọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀ lónìí. Èmi kọ́ ló ń bá wí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Iná ò sí láàárọ̀. Mo gba kọ̀ǹpútà mi, mo ra iṣu, òjò pa mí délé.

Ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni wọ́n ń sọ, Cain & Abel (ìyẹn Kéènì àti Ébẹ́lì), tí ará Ítálì kan, Massimiliano Montoro, ṣe fún Windows, láti fi wá páásíwọ́ọ̀dù tó sọnù. Àwọn ọ̀daràn náà sì rí i lò. Cain lẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà: òun lẹ ó máa tẹ̀, òun ló ń tú páásíwọ́ọ̀dù. Abel ni wọ́n ń gbé sórí kọ̀ǹpútà kejì, tí yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìfojú hàn, kí Cain lè máa pàṣẹ fún un láti òkèèrè.

Ó dùn mí. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 4. Kéènì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó dá Ọlọ́run lóhùn, ó tún ráhùn pé ìyà òun pọ̀ ju ohun tóun lè gbé. Ébẹ́lì ńkọ́? Gbólóhùn kan ò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó mú àkọ́bí agbo ẹran rẹ̀ wá, wọ́n pa á. Ìgbà tó kú tán ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ké láti inú ilẹ̀.

Bóyá Montoro mọ Bíbélì jù mí lọ. Bóyá orúkọ tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ṣáà ló ń wá...

Nínú ìwé alàwòrán The Sandman ti Neil Gaiman, Cain ń pa Abel léraléra, Abel ń jí padà. Wọ́n fún Abel yẹn lẹ́nu, wọ́n sì sọ ọ́ di akólòlò! Kí ló dé?

Ṣùgbọ́n Kane tí gbogbo wa ń wò nígbà kan nínú ìjàkadì Amẹ́ríkà kò bá ohun tí mò ń wí yìí mu. Ọdún 1997 ló jáde, àbúrò Undertaker, ajàkadì mìíràn, ni wọ́n pè é, tí iná jó, tó fi ìbòjú bo ojú. Orúkọ tó dún bíi ti apànìyàn ni wọ́n fún ẹni tí wọ́n ṣe níkà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, òun gan-an ni kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí nígbà náà, àánú rẹ̀ náà sì ń ṣe mí. Nítorí náà kì í ṣe orúkọ... n ò mọ̀ mọ́. Jákọ́bù náà gba ìbùkún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ wo bí Jákọ́bù ṣe pọ̀ tó láàárín wa. Ta ló ń sọ ọmọ ní Ísọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látọjọ́ yìí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Kò sẹ́ni tó pa ẹnì kankan nílé wa o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, Bùrọ̀dá ló mú gbohùngbohùn lọ́wọ́, àbúrò wa ló ń to àga, ó so okùn kánọ́pì mọ́ igi, òógùn bo ọrùn rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ Bàbá, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé òun ò kí ń bá èèyàn jà." Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi! Ṣé ẹni tí kò bá jà ò ní ohun tó fẹ́ ni?

Mo pè é lálẹ́ yìí. Mo ní kó sọ ibi tó wù ú nínú ilẹ̀ yẹn, kí Bùrọ̀dá tó padà wá. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n jẹun ná." Mo ní kó jẹun, kó yó dáadáa. N ò ní sùn kó tó pè mí padà.