Ilé short sale tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, àti èyí tí mo padà rà

Oṣù 7 gbáko ni mo fi dúró de ilé tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò ilé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà níbí. Ọdún 2010 ni, ilé tí gbèsè ti mu dé ọrùn pọ̀ káàkiri Prince George's County nígbà yẹn, mo ti ń ka èrè lọ́kàn, mo tiẹ̀ ti lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù tí màá gbé sí kíṣìnì ẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe gbé ilé lọ sí gbàǹjo. Kì í ṣe pé owó mi ò tó o. Ìbéèrè kan ni mi ò bi wọ́n: báńkì mélòó ló di ilé yìí mú?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Ká ní ẹnì kan jẹ $240,000 lórí ilé, iṣẹ́ wá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ọjà ilé náà sì ti wálẹ̀, ilé yẹn ò lè tà ju $150,000 lọ mọ́. Short sale ni kí báńkì gbà pé ó dáa, òun á gba ohun tó bá wọlé, òun á sì jọ̀wọ́ ilé fún ẹni tó rà á. Tí ẹ bá wò ó dáadáa ẹ máa rí i pé báńkì lẹ ń bá dúnàá dúrà, onílé kàn máa buwọ́ lùwé ni. Ọjọ́ tí onílé tèmi sáìnì ọ́fà, ìyẹn ìwé iye tí mo fẹ́ san, ni mo ti pe ìyàwó mi pé a ti rílé rà, mi ò mọ̀ pé a ò tíì kúrò lójú kan.

Báńkì àkọ́kọ́ lo oṣù 5 kó tó ní òun gbà. Ìgbà yẹn la tó gbọ́ pé onílé tún ti fi ilé kan náà yá $38,000 níbòmíì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Báńkì àkọ́kọ́ ní $3,000 péré ni kí wọ́n yọ fún ìkejì nínú owó tí mo fẹ́ san, ìkejì ní $10,000 lòun fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ò ní yọwọ́, bẹ́ẹ̀ ilé tó bá lọ sí gbàǹjo, báńkì kejì lè má rí nǹkan kan mú níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ranrí. Wọ́n ń fà á lọ fà á bọ̀ títí ọjọ́ gbàǹjo fi pé.

Látìgbà náà, kí n tó kọ ọ́fà sórí ilé kankan, ìwé ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìwé ilẹ̀ Maryland wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, títí kan gbèsè tí wọ́n kọ sórí ilé. Lẹ́yìn náà màá sanwó fún title search tó yanjú, ìyẹn kí ẹni tó mọṣẹ́ wá gbogbo gbèsè tó wà lórí ilé jáde, torí owó-orí ilé tí wọn ò san, owó HOA (ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò), gbèsè kọngílá, gbogbo ẹ̀ ló lè di ilé mú.

Ilé kejì, bọ̀dá kan ló ni ín. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, a ò bá ara wa tan o, torí báńkì á ní kí ẹ̀yin méjèèjì sáìnì pé ẹ kì í ṣe ẹbí, ẹ kì í ṣe alájọṣe, onílé ò sì ní padà máa gbé ilé náà lẹ́yìn títà, ẹni tó bá parọ́ síbẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ṣeré. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìyàwó wọn sì ń ṣàìsàn. Nígbà tí wọ́n máa kọ lẹ́tà ìṣòro tí báńkì ń béèrè, ojú ìwé 4 ni wọ́n kọ, ó kún fún bí báńkì ṣe fìyà jẹ wọ́n. Ejẹ́ńtì wọn jókòó tì wọ́n lórí tábìlì, ó ní bọ̀dá, ẹ kàn sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ bọ́, iye tó ń wọlé báyìí, iye tí ẹ gbọ́dọ̀ san lóṣù, ó parí. Wọ́n tún un kọ, kò kún ojú ìwé kan, ó sì wọni lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A fi ìwé àkáǹtì oṣù 2 tì í, ìwé owó oṣù ìyàwó wọn, ìwé owó-orí ọdún 2, kọ́ńtíráàtì wa, ẹ̀rí pé mo lówó lọ́wọ́. Ojú ìwé 64 la fi fáàsì ránṣẹ́, báńkì ní àwọn ò rí ojú ìwé 17. A fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ padà láti 1 dé 64, torí tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ fi ránṣẹ́, ó lè máà dé inú fáìlì tó yẹ.

Iye tí màá san ńkọ́? Mo wo ilé tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì tà ládùúgbò yẹn, mo rí i pé tí n bá tún tèmi ṣe, á tà tó $210,000. Kí èrè lè kù fún mi, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ni mo fi ṣírò, ó jẹ́ $147,000, mo yọ $22,000 àtúnṣe kúrò, ó ku $125,000. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo kọ $118,000, báńkì ní $134,000. Ejẹ́ńtì tí wọ́n rán wá díye lé e ò wọlé rárá, inú mọ́tò ló ti wò ó, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé omi ti wọ ìsàlẹ̀ ilé tó fi ga dé orúnkún, ìlà funfun tí omi fà sára ògiri ṣì wà níbẹ̀. Mo ya fọ́tò 14, mo fi iye tí kọngílá pè tì í, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rán ẹlòmíì tó máa wọlé. Wọ́n rán an. A parí ẹ̀ sí $124,000.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ má gbàgbé pé èèyàn tí nǹkan le fún ló ni ilé yẹn o. Maryland ní òfin látọdún 2005 tó ń dáàbò bo onílé tí wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ gba lọ́yà kó ṣàlàyé ẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Tí ẹnì kan bá sì sọ fún onílé pé kó san owó kalẹ̀ kóun tó bá báńkì sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún un pé kó má san án, òfin FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti kà á léèwọ̀ látọdún 2011, àwọn olùdámọ̀ràn tí HUD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, fọwọ́ sí kì í sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pàdánù ilé. Gbèsè tí báńkì bá sì fi sílẹ̀, IRS, àwọn agbowó-orí ìjọba, lè kà á sí owó tó wọlé fún onílé, fọ́ọ̀mù 1099-C ni báńkì máa fi ránṣẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2007 tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn kì í ṣe èyí tó wà títí, sísún ni wọ́n ń sún ọjọ́ ẹ̀ títí dé òpin 2025, torí náà kí wọ́n rí akáǹtáǹtì.

Bọ̀dá náà ní báńkì kejì, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ọjọ́ kìíní la ti pè wọ́n. Lẹ́tà wọn dé, inú gbogbo wa dùn, lọ́yà kà á ó ní rárá. Ó ní ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn á jọ̀wọ́ ilé, wọn ò kọ ọ́ pé gbèsè ti tán, wọ́n ṣì lè padà wá mú bọ̀dá lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 30 péré ni báńkì àkọ́kọ́ fún wa láti parí títà náà. Èmi tí mo fẹ́ ra ilé, lẹ́tà yẹn ti tó mi, àmọ́ ojú mi ò lè gbà á. A dá a padà. Ọjọ́ 9 ni wọ́n lò kí òmíràn tó dé, bọ̀dá ka ìlà tó ní wọn ò jẹ gbèsè kankan mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi sápò àyà. Ọjọ́ 27 nínú 30 yẹn la sáìnì.